Ìgbà Mọ́kànlélógójì ní Wákàtí Kan

[Ọjọ́rú, ọ̀sán. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó gbé e. Ariwo ọmọ ilé ìwé lẹ́yìn.]

BÍMBỌ́LÁ: Hẹ́lò? Dádì Kẹ́mi, ẹ kú ọ̀sán o.

AKÍNTÓYÈ: Kú ọ̀sán. Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Mò ń gbọ́ yín, àmọ́ kò já gaara. Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ kì í pè mí lásìkò iṣẹ́.

AKÍNTÓYÈ: Níbo lo wà?

BÍMBỌ́LÁ: Yàrá àwọn tíṣà. Bíréèkì ni. Mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn SS Two. Ẹ̀yin ò ní kíláàsì ni?

AKÍNTÓYÈ: Mo gbàyè lónìí. Ṣé o ti jẹun?

BÍMBỌ́LÁ: Mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́, ṣé ẹ lò ó láàárọ̀?

AKÍNTÓYÈ: Mo lò ó.

BÍMBỌ́LÁ: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

AKÍNTÓYÈ: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

[Ohùn àwọn ọkùnrin: "Ó yá! Ẹ tì í! Ẹ tún tì í!"]

BÍMBỌ́LÁ: Kí ni mò ń gbọ́ yẹn?

AKÍNTÓYÈ: Àwọn ará ibí ni.

BÍMBỌ́LÁ: Ibí wo?

AKÍNTÓYÈ: Bọ́lọ́rundúró.

BÍMBỌ́LÁ: Bọ́lọ́— Kí lẹ wá ṣe ní Bọ́lọ́rundúró?

AKÍNTÓYÈ: Mò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Mò ń padà sí Oǹdó.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ dé Àkúrẹ́ lónìí? Ẹ ò yà lọ́dọ̀ mi? Ẹ ò tiẹ̀ pè?

AKÍNTÓYÈ: Mi ò yà.

BÍMBỌ́LÁ: Kí ni wọ́n ń tì?

AKÍNTÓYÈ: Mọ́tò ni.

BÍMBỌ́LÁ: Mọ́tò ta ni?

AKÍNTÓYÈ: Mọ́tò wa.

[Àga wọ́ nílẹ̀.]

BÍMBỌ́LÁ: Dádì Kẹ́mi, kí ló ṣe mọ́tò wa?

AKÍNTÓYÈ: Ó wọ oko kòkó kan. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dá a dúró. Má pariwo. Kò sẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà, mi ò gbá ẹnikẹ́ni.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ̀yin ńkọ́? Ara yín ńkọ́?

AKÍNTÓYÈ: Iwájú orí mi kan gíláàsì. Ó wú díẹ̀. Màmá kan ti fi omi tútù sí i.

BÍMBỌ́LÁ: Ọlọ́run mi o! Ṣé búrèkì ni? Ṣebí mo ní kí ẹ gbé mọ́tò yẹn lọ fún mẹkáníìkì—

AKÍNTÓYÈ: Kì í ṣe búrèkì. Mo sùn lọ.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ sùn?

AKÍNTÓYÈ: Nídìí ọkọ̀. Ojú mi ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo kọjá ilé epo, mo rántí ìyẹn. Ohun tí mo tún rí ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí gíláàsì. Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Mo gbọ́. Ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀. Mo máa gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo máa—

AKÍNTÓYÈ: Má wá. Mo ti pe àbúrò mi, Akínbọ̀wálé. Ọ̀kadà ló máa gbé e wá láti Oǹdó, òun ló máa wa mọ́tò padà. Wọ́n ti sọ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́, èmi ni mo ṣorí kunkun.

BÍMBỌ́LÁ: Ta ló sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀?

AKÍNTÓYÈ: Bímbọ́lá.

BÍMBỌ́LÁ: Sà? Kí ló dé tó fi di Bímbọ́lá? Láti ọjọ́ tí mo ti bí Kẹ́mi ni mi ò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu yín.

AKÍNTÓYÈ: Orúkọ tó wà nínú fáìlì ni mo ń pè.

BÍMBỌ́LÁ: Fáìlì wo?

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.]

AKÍNTÓYÈ: —láàárọ̀ yìí, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín tíṣà sí ilé ìwé. Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ lọ ṣe kí ni níbẹ̀?

AKÍNTÓYÈ: Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n ti gbé ìyàwó mi kúrò lọ́dọ̀ mi, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo tẹ lẹ́tà. Mo wọ kóòtù, èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí Kẹ́mi wọ yunifásítì. Mi ò sọ fún ẹ nítorí mo fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bó o bá délé lọ́jọ́ Sátidé, mo máa kàn gbé ìwé fún ẹ, mo máa ní ó yá, kó ẹrù ẹ kúrò ní yàrá tó o gbà ní Oda.

BÍMBỌ́LÁ: Dádì Kẹ́mi—

AKÍNTÓYÈ: Jẹ́ kí n sọ ọ́. Táíyé ló wà nídìí iṣẹ́. Ọmọ tí mo kọ́ ní Maths ni. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Sà, ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká yọ fáìlì màmá." Ó yọ ọ́. Ó ṣí i. Ó yára pa á dé. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Sà, bóyá kí ẹ kọ́kọ́ bá màmá sọ̀rọ̀ nílé."

BÍMBỌ́LÁ: Táíyé ò gbọdọ̀ fi fáìlì mi hàn ẹnikẹ́ni.

AKÍNTÓYÈ: Kò fi hàn mí. Èmi ni mo nawọ́ fà á. Ọwọ́ ẹ ni, Bímbọ́lá! Bó o ṣe ń kọ "y" tí ìrù ẹ̀ máa ń gùn dé ìlà kejì. "I hereby apply for transfer to any school in Akure." Any school. Kódà kó jẹ́ inú igbó.

[Agogo ilé ìwé dún.]

AKÍNTÓYÈ: Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Mo gbọ́ yín.

AKÍNTÓYÈ: O sunkún lọ́jọ́ tí o gbé lẹ́tà transfer yẹn wálé. O jókòó lórí àga tó wà nítòsí fèrèsé, o sunkún, mo sì ń bẹ̀ ọ́. Mo bú ìjọba. Mo bú kọmíṣánnà. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run bá mi yí ọkàn wọn padà. Ìwọ náà sì bá mi gbà á!

BÍMBỌ́LÁ: Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́.

AKÍNTÓYÈ: Kí wá ni?

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ jẹ́ kí n jáde síta. Wọ́n ti ń wọlé wá.

[Ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́.]

BÍMBỌ́LÁ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNTÓYÈ: Mo wà níbí.

BÍMBỌ́LÁ: Ta ló ní kẹ́ ẹ má wakọ̀? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

AKÍNTÓYÈ: Dókítà Adépọ̀jù. Ní Àkúrẹ́ náà. Àwọn dókítà Oǹdó ló ní kí n lọ bá a, wọ́n ní oògùn mẹ́ta kò lè bá ẹ̀jẹ̀ ríru kan wí kó má gbọ́, pé nǹkan míì ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan gbé wálé. Wáyà kan ní imú, ọ̀kan lórí ìka, bẹ́líìtì kan ní àyà. Ó ní kí n sùn pẹ̀lú ẹ̀.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ sùn pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ò sọ fún mi?

AKÍNTÓYÈ: Ìwọ lo fẹ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn?

BÍMBỌ́LÁ: Kí ni dókítà wí?

AKÍNTÓYÈ: Ó fi téèpù wọn ọrùn mi bí ìgbà tí télọ̀ fẹ́ ránṣọ. Íǹṣì méjìdínlógún. Ó wọn ikùn, íǹṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ní kí n la ẹnu, ó tan iná sí i, ó ní òun ò rí ọ̀nà ọ̀fun mi, ahọ́n ló dí gbogbo ibẹ̀. Ó ní àgbọ̀n mi kéré, ó fà sẹ́yìn, pé àbímọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀, one-seventy over one-ten. Ṣúgà ti kọjá ààlà. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá wà lára ẹ̀dọ̀. Mo ní ṣé oúnjẹ ni mò ń jẹ jù ni? Torí ìwọ máa ń sọ pé mò ń yọ́ ẹran jẹ nínú ìkòkò.

BÍMBỌ́LÁ: Eré ni mò ń bá yín ṣe.

AKÍNTÓYÈ: Ó ní oúnjẹ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ó ní ẹni tí oorun ẹ̀ bá ń já báyìí, ara ẹ̀ ò ní mọ ohun tó yẹ kó fi ṣúgà ṣe mọ́, ebi á máa pa á sí i, ikùn á máa tóbi, ikùn yẹn á tún máa dí èémí. Ọ̀kan ń bọ́ èkejì. Orí fífọ́ tí mo máa ń bá jí, òun ni. Ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, òun ni. Ọjọ́ tí mo sùn lórí dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí apá mi tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì ké gbàà nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù ń wàásù—

BÍMBỌ́LÁ: Mo rántí.

AKÍNTÓYÈ: Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Àìsàn ni, Bímbọ́lá. Ìgbà mọ́kànlélógójì.

BÍMBỌ́LÁ: Kí ni?

AKÍNTÓYÈ: Ìgbà mọ́kànlélógójì ni èémí mi ń dá ní wákàtí kan. Èyí tó pẹ́ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ó rí bí eyín ayùn.

BÍMBỌ́LÁ: Jésù.

AKÍNTÓYÈ: Má pe Jésù. Dókítà wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Ẹni yẹn á ti rí i." Mo ní ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú míì, kò rí nǹkan kan, tó bá rí i ni, á ti sọ fún mi. Báyẹn ni mo ṣe dá a lóhùn. Mo gbèjà ẹ. Àárọ̀ yìí ni, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Aago mẹ́wàá ni mo wà ní iwájú Táíyé.

BÍMBỌ́LÁ: Mo sọ fún yín.

AKÍNTÓYÈ: Kí lo sọ?

BÍMBỌ́LÁ: Mo sọ fún yín ní ọdún wo lọ́dún wo! Mo ní, "Dádì Kẹ́mi, ẹ máa ń dákẹ́ bí òkú." Ẹ ní mò ń ṣépè. Mo gba ohùn yín sórí fóònù kí ẹ lè gbọ́ ọ fúnra yín, ẹ ní kí n pa á rẹ́, pé mo fẹ́ dójú tì yín. Ẹ ní bàbá yín náà hanrun, pé híhanrun ọkùnrin ni ilé fi ń mọ̀ pé baálé wà nílé.

AKÍNTÓYÈ: Bàbá mi kú lójú oorun. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ó ku oṣù mẹ́ta kí n pé e.

BÍMBỌ́LÁ: Mo mọ̀. Èmi ni mo ń kà á.

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.]

AKÍNTÓYÈ: —sọ? Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Mo ní èmi ni mo ń kà á! Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi sùn. Ẹ máa hanrun, gbogbo ilé á máa gbọ̀n, n ò bínú. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, èmi náà ò ní mí. Mo máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá dé ogún, mo máa gbá yín létí. Ẹ máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tó jáde látinú odò, ẹ máa padà sùn. Èmi á wà lójúfò. Aago mẹ́fà mo wà nídìí ààrò. Aago méje ààbọ̀ mo wà ní ilé ìwé. Báwo lẹ ṣe rò pé mo ń gbé e?

AKÍNTÓYÈ: O lè pè mí jókòó—

BÍMBỌ́LÁ: Mo pè yín jókòó. Ẹ tòògbé lórí ọ̀rọ̀ náà.

[Ohùn àwọn ọkùnrin: "Ó ti jáde o! Bàbá, ó ti jáde!" Ẹnìkan pàtẹ́wọ́.]

AKÍNTÓYÈ: Ẹ ṣé o! Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ jẹ́ kó dúró sábẹ́ ibòji yẹn. Àbúrò mi ń bọ̀.

BÍMBỌ́LÁ: Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?

AKÍNTÓYÈ: Wọ́n ti yọ ọ́. Mo ti jókòó sínú ẹ̀.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò níbẹ̀.

AKÍNTÓYÈ: Ó wà lọ́wọ́ màmá tó fi omi sí mi lórí. Bímbọ́lá, ọdún mọ́kànlá lo fi gbé e. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn? Mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹnìkan wà ní Àkúrẹ́ ni?

BÍMBỌ́LÁ: Ẹnìkan bí i ti báwo?

AKÍNTÓYÈ: O mọ ohun tí mò ń bi ọ́.

BÍMBỌ́LÁ: Yàrá kan ni mo gbà ní Oda, tí mo ti ń sùn. Oorun ni mo wá síbí. Oorun nìkan! Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ ni mo sùn, oòrùn ló jí mi. Mo sunkún, torí ó dùn mọ́ mi. Ẹ ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Màmá yín wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa?

AKÍNTÓYÈ: Màmá ti dàgbà.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ má sọ pé wọ́n ti dàgbà. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

AKÍNTÓYÈ: Wọ́n wọ yàrá wa, wọ́n rí ọ.

BÍMBỌ́LÁ: Wọ́n rí mi tí mo ń ṣe kí ni?

AKÍNTÓYÈ: Ọwọ́ ẹ wà ní ọrùn mi.

BÍMBỌ́LÁ: Ọwọ́ mi wà ní àgbọ̀n yín! Ẹ ti dákẹ́, mo ti gbá yín létí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò jí, ètè yín ti ń dúdú. Mo di àgbọ̀n yín mú, mo fà á síwájú. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ mi. Ìgbà tí mo fà á ni ẹ mí. Màmá yín ṣílẹ̀kùn, wọ́n figbe ta. "Àjẹ́! Ó ń fún ọmọ mi lọ́rùn! Ẹni tó pa bàbá ẹ̀ ló rán an!" Gbogbo àdúgbò jí.

AKÍNTÓYÈ: Dókítà di àgbọ̀n mi mú.

BÍMBỌ́LÁ: Kí lẹ wí?

AKÍNTÓYÈ: Láàárọ̀ yìí. Ó di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mi mú, ó fà á síwájú. Ó ní, "Báyìí lọ̀nà ṣe ń là."

BÍMBỌ́LÁ: Hẹn-ẹn.

AKÍNTÓYÈ: Mi ò so ó mọ́ ohun tí o ṣe lóru yẹn. Lóòótọ́, mi ò rò ó mọ́ ọ.

BÍMBỌ́LÁ: Ilẹ̀ mọ́. Màmá yín pe ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n pe àwọn ará ilé. Wọ́n jókòó yí mi ká ní pálọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ọrùn ọmọ wọn ṣe. Mo wò yín. Mo ń retí pé ẹ máa ní, "Màmá, ìyàwó mi ni, ó ti ń tọ́jú mi láti ọdún mọ́kànlá." Kí lẹ sọ?

AKÍNTÓYÈ: Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ míì.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ ní kó di ọjọ́ míì. Ẹ sì ní kí wọ́n bu iṣu sí i fún yín.

AKÍNTÓYÈ: Orí ń fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

BÍMBỌ́LÁ: Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà.

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já.]

AKÍNTÓYÈ: —burú. Mo gbà pé mo burú níbẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní mo gbà.

BÍMBỌ́LÁ: Mo gbọ́.

AKÍNTÓYÈ: Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé mi ò ní mí tí ẹnikẹ́ni ò bá jí mi. Kẹ́mi wà ní ilé ìwé. Màmá ti padà sílé wọn. O gbá mi létí fún ọdún mọ́kànlá, o wá dìde lọ́jọ́ kan, o ti ilẹ̀kùn, o fi èmi nìkan sí orí bẹ́ẹ̀dì yẹn. O ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ fún mi. O ò sọ fún Akínbọ̀wálé. O máa ń wá ní Sátidé, o máa ń sùn sí yàrá Kẹ́mi, o ní o fẹ́ máàkì ìwé. Mo gbà ẹ́ gbọ́! Mo tiẹ̀ máa ń gbé tíì wá fún ẹ níbẹ̀.

BÍMBỌ́LÁ: [ń sunkún] Ẹ máa ń gbé e wá.

AKÍNTÓYÈ: Kí lo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí mi láti Mọ́ńdè dé Fúráídè?

BÍMBỌ́LÁ: Mo máa ń pè yín láàárọ̀. Aago mẹ́fà.

AKÍNTÓYÈ: Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, pé ìyàwó mi kì í jẹ́ kí aago mẹ́fà kọjá. O kàn ń wò ó bóyá mo ti kú.

BÍMBỌ́LÁ: Ó lè jẹ́ méjèèjì. Dádì Kẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ó lè jẹ́ méjèèjì.

[Akíntóyè yán.]

BÍMBỌ́LÁ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNTÓYÈ: Mo gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Máa sọ̀rọ̀.

BÍMBỌ́LÁ: Nǹkan kan kù. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ rántí àǹtí mi Monílọ́lá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì? Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yẹn lórí fóònù mi. Mi ò pa á rẹ́, mo purọ́ fún yín. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Bímbọ́lá, àìsàn gidi ni èyí o, ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aláìsàn nímú bó bá ń sùn." Wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀, ó kọ ìwé tí ẹ máa fi lọ ṣàyẹ̀wò. Orúkọ yín wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e fún yín ni Màmá yín dé. Mo ní ó di ìgbà tí Màmá bá lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀n yẹn ṣẹlẹ̀, pálọ̀, iṣu. Mo padà sí yàrá, mo wo ìwé náà. Mo ní ṣé àjẹ́ ni mí? Ó dáa, kí Màmá yín wò yín sàn. Mo ká a, mo fi sí ìsàlẹ̀ báàgì. Mo máa ní ọ̀la ni mo máa gbé e fún yín. Ọ̀la á dé, mo máa rántí bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ iṣu yẹn. Ó ti lé lọ́dún kan. Ó ṣì wà níbẹ̀. Dádì Kẹ́mi? Ẹ sọ nǹkan. Ẹ bú mi.

[Ohùn híhanrun, ó jinlẹ̀, ó ń ga sí i.]

BÍMBỌ́LÁ: Dádì Kẹ́mi? Ẹ ò gbọdọ̀ sùn. Orí yín gbá gíláàsì, ẹ má sùn!

[Híhanrun. Híhanrun. Ó dá lójijì. Ẹyẹ ń ké. Mọ́tò kan kọjá.]

BÍMBỌ́LÁ: Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àárùn-ún— Ẹ wá gbà mí o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀! Ẹ gbọ́ mi? Màmá tó mú kọ́kọ́rọ́ dání! Akíntóyè! Mí! Akíntóyè, mí!

[Alùpùpù dúró. Ẹsẹ̀ ń sáré. Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn mọ́tò.]

OHÙN ỌKÙNRIN: Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi!

[Èémí kan gùn, bí ẹni tó yọrí nínú omi. Ikọ́.]

OHÙN ỌKÙNRIN: Ó ti jí. Ó ti jí. Hẹ́lò? Ta nìyí?

BÍMBỌ́LÁ: Èmi ni. Bọ̀ọ̀dá Bọ̀wálé, ṣé ó ń mí?

AKÍNBỌ̀WÁLÉ: Ó ń mí, ìyàwó wa. Ojú ẹ̀ ti là. Ó ń wò mí. Kí ló ń ṣẹ̀gbọ́n mi?

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ má gbé e lọ sílé. Orí ẹ̀ gbá gíláàsì. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà. Ẹ sọ fún wọn pé èémí ẹ̀ máa ń dá bó bá sùn, kí wọ́n má fún un ní oògùn oorun kankan. Kí wọ́n gbé orí ẹ̀ ga. Lálẹ́ òní, ẹ bá a sùn. Bó bá dákẹ́, ẹ jí i.

AKÍNBỌ̀WÁLÉ: Mo gbọ́. Mo máa sùn sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ń béèrè fóònù.

[Fóònù kan aṣọ.]

AKÍNTÓYÈ: Bímbọ́lá.

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ kú ewu.

AKÍNTÓYÈ: Mo ti sùn lọ. Ibi tí mo gbọ́ dé ni àǹtí ẹ Monílọ́lá. O ní o jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi. Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?

[Ìdákẹ́.]

AKÍNTÓYÈ: Ṣé o gbọ́ mi?

BÍMBỌ́LÁ: Mo gbọ́ yín.

AKÍNTÓYÈ: Kí lo fẹ́ sọ?

BÍMBỌ́LÁ: Wọ́n ní àìsàn ni. Wọ́n gba ìwé àyẹ̀wò fún yín. Kí n tó kọ lẹ́tà transfer, ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ orúkọ àìsàn yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Mo fi pamọ́ torí inú ń bí mi.

AKÍNTÓYÈ: Láti ìgbà wo?

BÍMBỌ́LÁ: Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

[Ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì.]

AKÍNTÓYÈ: Dókítà bi mí láàárọ̀ yìí ìgbà tí ṣúgà mi gòkè. Mo ní wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Ìbá ṣe pé ẹ wá nígbà yẹn."

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ dárí jì mí.

AKÍNTÓYÈ: Ọ̀rọ̀ Màmá, ẹ̀bi mi ni. Mo máa pe gbogbo wọn padà sí pálọ̀ yẹn, mo máa sọ ohun tí ọwọ́ ẹ ń ṣe lọ́rùn mi. Èyí tí mo jẹ ọ́ nìyẹn, mo máa san án.

BÍMBỌ́LÁ: Mò ń bọ̀ lọ́la. Mo máa kó ẹrù mi wá. Èmi ni mo máa dúró tì yín pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn, mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe—

AKÍNTÓYÈ: Má wá lọ́la.

BÍMBỌ́LÁ: Sátidé, nígbà náà.

AKÍNTÓYÈ: Má wá ní Sátidé. Má pè mí ní aago mẹ́fà mọ́. Akínbọ̀wálé máa wà lọ́dọ̀ mi.

BÍMBỌ́LÁ: Títí di ìgbà wo? Dádì Kẹ́mi, ẹ fún mi lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lè máa retí.

AKÍNTÓYÈ: Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn, Bímbọ́lá. Oorun gidi. Bí mo bá ti sùn, tí orí mi sì pé, mo máa mọ̀ bóyá mo tún lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ—

BÍMBỌ́LÁ: Ẹ lè ṣe é. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ lè—

[Ìpè já.]